Bí A Bá Gba Ìwòkuwò, Kí A Gba Owó Rẹ̀ Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Ìkìrun, ní Ìníṣà, ní Òkukù àti ní gbogbo abà tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹnu àgbà máa ń yá láti sọ. Ọ̀rọ̀ ìhòòhò ni. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ya àwòrán àti fíìmù ìwòkuwò ni, àwọn tí ń tà á, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ kọ́lé, tí wọ́n sì ń fi ra ọkọ̀. Bóyá nítorí pé ojú ń tini láti sọ ọ́ ni kò fi sí ẹni tí ó béèrè ohun tí àwa fẹ́ béèrè lónìí: nígbà tí òfin bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí a gba fíìmù rẹ̀, tí a sì bà á jẹ́, owó tí ó ti pa lórí rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á fi obì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ọmọ Ìkìrun Agúnbẹ́, onílẹ̀ obì, ní ohun tí obì jẹ́. Bí olè bá wọ oko obì lóru, tí ó ká agbọ̀n mẹ́wàá, tí ó tà á fún àwọn tí ń kó o lọ sí òkè Ọya, tí ọlọ́pàá sì mú un ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́; tí adájọ́ wá ní kí a gba agbọ̀n náà kí a sun ún, kí olè san irínwó náírà, kí ó sì máa lọ sílé rẹ̀ tòun ti owó obì nínú àpò, kí ni àgbẹ̀ tí ó ni oko yóò wí? Yóò ní wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Yóò sì jàre.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin tí a jogún lórí ohun ìwòkuwò rí. Òfin náà ti pẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1857 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan tí ó fún adájọ́ kékeré ní agbára láti rán ọlọ́pàá wọ ìsọ̀, kí ó kó ìwé ìṣekúṣe tí ó bá rí níbẹ̀, kí a sì bà á jẹ́. Ní 1959 wọ́n tún un ṣe. Ní 1961, nígbà tí òmìnira wa kò tí ì pé ọdún méjì, Ilé Aṣòfin àpapọ̀ wa ní Èkó ṣe èyí tí ó jọ ọ́ fún ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì fi í sínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣe òmíràn tẹ̀ lé e nítorí àwọn ìwé alárà-bárà onítàn alápèjúwe tí ó lè ba ọmọdé jẹ́.

Ohun tí òfin 1961 pè ní ìwòkuwò ni ohun tí, bí a bá wò ó lápapọ̀, ó lè ba ìwà ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó kà á, kí ó rí i, tàbí kí ó gbọ́ ọ jẹ́. Ẹni tí ó bá pín in tàbí tí ó fi í hàn bí sinimá, ì báà gba owó, ì báà má gbà, lè san ìtanràn tí kò ju ₦400 lọ, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí kí ó rí méjèèjì. Nígbà tí a ń ná pọ́n-ùn, £200 ni ìtanràn yẹn. Nígbà tí náírà dé ní 1973, a sọ £200 di ₦400, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ yín mọ ohun tí ₦400 lè rà lónìí ju àwa tí ń kọ̀wé lọ.

Lẹ́yìn ìtanràn ni ọ̀rọ̀ gbígba ọjà náà wà. Bí ẹnì kan bá búra níwájú Májísíréètì pé ohun ìwòkuwò wà fún títà nínú ilé kan, Májísíréètì lè fún ọlọ́pàá ní wárántì kí ó wọ ilé náà, kí ó wá a, kí ó sì kó o. Ohun tí ó bá kó yóò wá síwájú Májísíréètì. A ó sì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ilé náà kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Àwa kò ka èyí sí òfin burúkú. Ní tiwa, ibẹ̀ ni ó dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹrù tí a lè gbà láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí ó ni ín. A ó sì padà sórí kókó yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ lè dì mú nìkan ni ó ń nawọ́ sí, ìwé, àwòrán, fíìmù. Kò béèrè èló ni a ti tà.

Ní ayé ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjà náà fúnra rẹ̀ ni olówó orí òwò náà. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á ní òkè níbí yóò ra àpótí kan ní Èkó, yóò sì fi ọkọ̀ ilẹ̀ gbé e, tàbí kí ó fi í sínú ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Bí ọlọ́pàá bá dáná sun àpótí náà, owó rẹ̀ ti jóná nìyẹn. Kò ní tètè ní òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òwò náà ṣe ń lọ lóde òní. Kí á ní ọmọkùnrin kan ní ìsọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tí ó ń ta káàdì fóònù, tí ó ń bá àwọn ènìyàn ṣáàjì fóònù wọn, tí ó sì ń fi orin àti fíìmù sínú mẹ́mọ̀rí fún ẹni tí ó bá fẹ́. Orúkọ àdàpè kan wà tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀. Bí wọ́n bá ti dá a, ó mọ irú fíìmù tí wọ́n ń wá. Kò ra ọjà náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò san owó ọkọ̀ lórí rẹ̀, kò sì ní àpótí tí ó ń kó o sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè tà á ní ìgbà 500, kí ọjà náà má sì dín. Oko wo ni ó so irú èso bẹ́ẹ̀ rí? Bí ọlọ́pàá bá gba fóònù rẹ̀ lónìí, yóò ra òmíràn lọ́la, fíìmù náà yóò sì tún wọlé láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí a lè dáná sun ti tán nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ọwọ́ òfin lè dì mú nínú òwò yìí ni owó.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ owó jẹ́ àfikún lásán sí ọ̀rọ̀ ìwà. Ní ìgbà tiwa yìí, owó náà ni gbòǹgbò. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka tí ẹ sì fi gbòǹgbò sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń roko mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà nínú òwò yìí tí ó burú ju ti ọmọ tí ń ta fíìmù àjòjì lọ. Èyí ni ti ẹni tí ó rí àwòrán ìhòòhò ọmọbìnrin kan gbà, bóyá nítorí ó ti jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí pé ọmọbìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ fún un kí ó bá a tún un ṣe. Yóò wá fi àwòrán náà halẹ̀ mọ́ ọn: san iye báyìí sínú àkáǹtì yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màmá rẹ yóò rí i, pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín yóò rí i, gbogbo Ìníṣà yóò rí i. Ọmọ náà yóò san. Yóò tún san. Nígbà tí kò bá ní mọ́, a ó tú àwòrán rẹ̀ síta, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sì máa fi owó rà á. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ láàrin wa tí wọ́n ń gbé yàrá ìháyà láìsí òbí nítòsí; Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Òkukù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ilé ìwé gíga kò lóǹkà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí irú èyí bá bá ọ̀kan nínú wọn, owó tí ó san, èyí tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, èyí tí ó gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni pé owó ìwé ni, tani yóò gbà á padà fún un?

Ní tòsí wa níhìn-ín ni ọ̀ràn kan ti ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ayé gbọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo aráyé, ni wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ̀ láti ya fíìmù ìhòòhò. Ní 2021 ni ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo. A kò dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ohun tí ó dùn wá ni irú ìjíròrò tí ó tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹnu ni ó ń sọ ti ẹ̀gbin tí a fi kan ibi mímọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kì í bọ Ọ̀ṣun pàápàá mọ̀ pé a kì í ṣe irú ìyẹn lójúbọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń di owó, ẹni tí ń san án, àti ibi tí owó náà ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ya fíìmù lásán. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń san dọ́là lóṣooṣù kí wọ́n lè máa wo irú nǹkan wọ̀nyí, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń gbà á sí orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń mú ìpín tiwọn kí wọ́n tó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tí ó yà á. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Nínú òwò yìí, àwọn tí ń gbà á sílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì jìnnà.

Òtítọ́ ni pé àwọn aṣòfin kò sùn pátápátá. Òfin lòdì sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ṣe ní 2015, tí a sì tún apá kan rẹ̀ ṣe ní 2024, le ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ṣe àwòrán ìwòkuwò ọmọdé, tàbí tí ó pín in kiri, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kí ó san ìtanràn tí ó lè tó ₦20,000,000, tàbí méjèèjì; ẹni tí ó wá a tàbí tí ó kàn tọ́jú rẹ̀ pamọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí kí ó san tó ₦10,000,000. Abala 48 òfin náà sì ni ó ṣe ohun tí ti 1961 kò ṣe: bí kóòtù bá dá ẹni kan lẹ́bi lábẹ́ òfin yìí, yóò pàṣẹ kí ó pàdánù gbogbo owó àti ohun ìní tí a bá lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí ẹ̀ṣẹ̀ náà, ilé ni o, ọkọ̀ ni o, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti irinṣẹ́ tí ó fi ṣe é. Ní oṣù karùn-ún 2022 pẹ̀lú, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin mìíràn lórí èrè ìwà ọ̀daràn, èyí tí ó jẹ́ kí kóòtù lè gba ohun ìní tí ẹ̀rí fi hàn pé ìwà ọ̀daràn ni ó bí i, kódà bí a kò tí ì dá ẹni tí ó ni ín lẹ́bi, lẹ́yìn tí a bá ti kéde tí a sì fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i láyè láti wá wí tẹnu rẹ̀.

A yin àwọn tí ó ṣe òfin wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè: ta ni owó náà ń lọ bá? Abala 48 dáhùn láìfọ̀rọ̀ pamọ́: Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ọmọbìnrin tí a tà, tí a fi ìhòòhò rẹ̀ pa owó, kò sí nínú gbólóhùn yẹn. Abala 49 tí ó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ dídá nǹkan padà fún ẹni tí a ṣẹ̀, ṣùgbọ́n èdè jìbìtì ni ó fi sọ ọ́: iye tí a gbà lọ́wọ́ ẹni ni kí a dá padà fún un. Èyí yóò ran ọmọ tí ó san owó ìhalẹ̀ lọ́wọ́. Ti èyí tí kò san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ ń pa owó fún ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ńkọ́? Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ti 2015 ní kóòtù lè pàṣẹ owó gbà-má-bínú fún ẹni tí a pa lára. Ó lè pàṣẹ rẹ̀; kò ní ó gbọ́dọ̀. Ọ̀nà sì jìn láàrin lè àti gbọ́dọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. A ti ṣe é rí ní ilẹ̀ yìí. Àjọ NAPTIP, tí ń gbógun ti àwọn tí ń kó ọmọ ènìyàn tà, ní àpò owó kan tí òfin dá sílẹ̀ fún àwọn tí a kó tà. Ohun tí a bá rí lórí ẹrù àti ilé àwọn oníṣòwò ènìyàn nígbà tí a bá gbà á tí a sì tà á, inú àpò yẹn ni ó ń lọ, kí a fi wo àwọn tí wọ́n ṣe níkà sàn, kí a sì fi dá wọn padà sí ipò ènìyàn. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó ta ara ọmọ ọlọ́mọ àti ẹni tí ó ta àwòrán ara náà? Ti èkejì tilẹ̀ lè pẹ́ ju ti èkíní lọ, nítorí pé ènìyàn lè sá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n àwòrán kì í sá kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ibì kan tí a gbọdọ̀ dúró sí díẹ̀, nítorí pé àwa kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń fún ìjọba ní àdá láìwo ẹni tí ó di èèkù rẹ̀ mú. Agbára láti gba ìwé ọlọ́wọ́ àti owó ọlọ́wọ́ jẹ́ agbára tí ó mú. Àwọn òǹkọ̀wé ìròyìn ilẹ̀ yìí kò gbàgbé 1945, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogboogbò, tí ìjọba amúnisìn fi òfin de West African Pilot àti Daily Comet nítorí ohun tí wọ́n kọ. Ìjọba tí ó bá lè pe ìwé kan ní ẹ̀gbin láìsí adájọ́ lè pe èyíkéyìí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà kò sì tí ì gbàgbé 2020, nígbà tí wọ́n tú jáde lòdì sí SARS. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé ọlọ́pàá ń dá wọn dúró lójú pópó, tí wọ́n ń já fóònù wọn gbà, tí wọ́n ń tú inú rẹ̀ wò. Bí a bá wí fún irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ pé ó lè gba owó ẹni tí ó bá rí ìwòkuwò lọ́wọ́ rẹ̀, a ti ṣí ìsọ̀ fún un láàrin Ìkìrun àti Òkukù nìyẹn, kò sì sí ọmọ ẹnikẹ́ni tí yóò kọjá láìsan owó bodè.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ohun mìíràn kọ́ wa. Òfin wọn lágbára ju tiwa lọ púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ó gba èrè, ó gba ilé iṣẹ́, ó gba gbogbo ohun tí ó bá sún mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ní 1993, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn gbọ́ ọ̀ràn Ferris Alexander, oníṣòwò kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota tí ó ní ìsọ̀ ìwé àti fíìmù ju mẹ́wàá lọ. Nǹkan méje péré, ìwé ìròyìn mẹ́rin àti fíìmù mẹ́ta, ni ìgbìmọ̀ adájọ́ ní ó jẹ́ ìwòkuwò. Lórí méje wọ̀nyí, yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6 àti ìtanràn $100,000, ìjọba gba gbogbo òwò rẹ̀ àti owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $9,000,000, wọ́n sì ba gbogbo ọjà rẹ̀ jẹ́, tòun ti èyí tí kóòtù kò dá lẹ́bi rí. Adájọ́ márùn-ún ní kò lòdì sí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Mẹ́rin kò fara mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí kóòtù ìsàlẹ̀ tún un wò bóyá ìyà náà kò ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Àwa kò bá Alexander kẹ́dùn. Síbẹ̀, bí igi méje nínú oko bá ní àrùn, a kì í tìtorí rẹ̀ sun gbogbo oko. Èrè tí ó ti ara ìwòkuwò wá ni kí a gbà. Èyí tí ènìyàn fi iṣẹ́ gidi pa, kí a fi í sílẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òfin yìí bò wá lójú kí ó wá máa lépa ohun àjogúnbá wa. Ère tí ó ní ọmú kì í ṣe ìwòkuwò. Àwọn ará Ìbàdàn ń kọ orin Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ lọ́jọ́ mìíràn a sì jáde lẹ́nu àgbà àti ọmọdé. Oríkì àwọn ìdílé ní Òkukù pàápàá kì í fi ohun gbogbo pamọ́. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ibi tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń tà á fún ọmọ ilé ìwé lábẹ́ tábìlì.

Ohun tí a ń fẹ́ kò le. A ń fẹ́ kí àwọn tí a dìbò fún, tí wọ́n jókòó ní Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, gbé àbádòfin kan dìde tí yóò wí pé nígbàkigbà tí kóòtù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá dá ẹni tí ń ta ìwòkuwò lẹ́bi, kí ó béèrè iye tí ó ti pa lórí rẹ̀, kí ó sì gbà á. Kí ìtanràn kúrò ní iye tí ọmọdé lè san. Kí owó tí a bá gbà má wọ inú àpò ìjọba níbi tí a kò ti ní rí i mọ́, bí kò ṣe inú àpò kan tí a dá sílẹ̀ fún àwọn tí a fi àwòrán wọn ṣòwò, kí a máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún. Kí ọ̀nà àtijọ́ ti 1961 dúró bí ó ti wà ní ti pé kò sí ohun tí a lè gbà láìsí wárántì Májísíréètì, láìsí ìwé tí a kọ ohun tí a kó sí tí a sì fún ẹni tí ó ni ín ní ẹ̀dà, àti láìjẹ́ pé a pè é kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36 àti 44, ti là á sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ìdí mìíràn sì wà tí a fi ń fẹ́ òfin ìpínlẹ̀: Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ lábẹ́ òfin 2015, Òṣogbo sì jìn sí bàbá tí ó ń bọ̀ láti abà kan lẹ́yìn Odò Ọ̀tìn, tí kò mọ agbẹjọ́rò kankan, tí ojú sì ń tì.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ òṣèlú. Ó kàn wá, nítorí pé àwọn tí a ń bẹ̀ kí wọ́n dìbò fún wa ní ọmọ. Bí ẹ bá ń ṣèpàdé wọ́ọ̀dù lóṣù tí ń bọ̀, kí alága jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí a ó sọ, kí ẹ sì pe àwọn ìyá sí i, nítorí pé ìyá ni ọmọbìnrin kọ́kọ́ ń sá bá, bí ó bá ní ẹni tí yóò sá bá rárá. Kí ẹ pe ẹgbẹ́ àwọn tí ń tún fóònù ṣe pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn láìṣe màgòmágó, àwọn kan náà ni wọ́n sì mọ ẹni tí ń ta ohun tí kò yẹ ju ọlọ́pàá lọ.

Fún òbí tí irú èyí bá sì ti bá ọmọ rẹ̀ kí òfin tuntun tó dé, ìmọ̀ràn wa nìyí. Má na ọmọ náà. Má jẹ́ kí ó tún san kọ́bọ̀ mìíràn. Má fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe àbúrò rẹ tàbí àlùfáà, nítorí pé ẹni tí ó bá ń pín in kiri ti wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn. Má sì jẹ́ kí ọmọ pa ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ sí i rẹ́ kúrò nínú fóònù. Gbé fóònù náà fúnra rẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìwọ àti ẹni kan tí ó mọ̀wé, kí ẹ sì kọ nọ́mbà tí ó fi pè é sílẹ̀ lórí ìwé, pẹ̀lú orúkọ báńkì àti nọ́mbà àkáǹtì tí ó ní kí a san owó sí. Nọ́mbà àkáǹtì yẹn ni kí ẹ tọ́jú jù lọ. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni kóòtù yóò tọ̀ dé ibi tí owó náà wà.